Àyè Èékánná Kan

Kí n tó sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa ni mò ń wí. Ọkọ mi ló kàn án. Káfíńtà ni, Ọ̀gá Dípinpin sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí bí ó bá ti fi ẹnu pákó méjì ko ara wọn, èèrà gan-an kò ní ríbi gbà kọjá. Kọ́bọ́ọ̀dù tó bá kàn, tí ẹ bá pa á dé, á mí fùú bí ẹni tó jẹun yó. Mi ò jiyàn, iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti lè rọ̀ léraléra, ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi á kọ̀, kò ní ṣí mọ́. Èmi tí mo gbé ìkòkò gbígbóná lọ́wọ́ ni màá wá máa fi ìdí tì í bí ẹni ń ti ewúrẹ́ alágídí. Tí mo bá pariwo, ọkọ mi á ní, "Òjò ni, kì í ṣe ilẹ̀kùn." Ìgbà wo ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ fi ilẹ̀kùn yẹn sọ́kàn, a ó padà bá a.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí àrùn ẹ̀gbà ti kọlù wọ́n. Apá ọ̀tún wọn kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ohùn wọn sì lọ. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́ ohun tí a ń sọ o. Wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí a ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fèsì ni nǹkan ń di "hùn, hùn," ojú á wá tì wọ́n, wọn á kọjú sí ògiri. Bẹ́ẹ̀ ohùn tó máa ń dún láti bèbè odò kan dé ìkejì ni tiwọn tẹ́lẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá ń wo ẹ̀yìn wọn níbi tí wọ́n ti kọjú sí ògiri yẹn.

Atukọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, lórí ọkọ̀ adagẹdú. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n. Láyé ìgbà yẹn, kò tíì sí títì tí ọkọ̀ ẹrù lè gbà wọ inú igbó, nítorí náà, bí àwọn agégi bá ti gé igi, omi ni wọ́n ń tì í sí. Gẹdú ńláńlá á máa léfòó bọ̀ láti òkè odò títí dé ibi tí wọ́n ti ń là á sí pákó, ọkọ̀ adagẹdú á sì máa tẹ̀lé wọn, á máa dà wọ́n bí ẹni da màlúù. Bí igi kan bá há sáàárín àpáta, tí àwọn yòókù wá gùn ún lórí, ọkọ̀ yìí ló máa sún mọ́ òkìtì náà kí àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ lè fi ọ̀pá gígùn onírin tú u. Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ, tí orí àti ìdí rẹ̀ sì ṣe ṣónṣó bákan náà, kó lè gun orí igi, kó sì lè padà sẹ́yìn láìyíra po. Tí òkìtì bá já, tí ọkọ̀ ò bá tètè sá, ó parí nìyẹn. Ibẹ̀ ni bàbá wọn bá lọ.

Ọkọ mi kéré gan-an nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n ló tọ́ ọ. Wọ́n bọ́ sí àyè bàbá wọn nínú ọkọ̀, wọ́n ń fi iṣẹ́ yẹn bọ́ àbúrò, wọ́n sì fi í sẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà ní ìgboro, níbi tí kò ti lè gbọ́ ohùn odò. Wọn ò jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ rí. "Omi ti mú ẹnì kan nílé wa," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, "kò ní mú ìkejì." Bí ọmọ bá sunkún pé òun fẹ́ tẹ̀lé wọn, ìgbátí ló máa gbà. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tó ń ta ni létí ni.

Àléébù kan ṣoṣo tí mo mọ̀ mọ́ Ẹ̀gbọ́n ni pé wọn kì í yin ènìyàn. Ọkọ mi kan àga fún wọn, àga tí ọba lè jókòó lé, wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Ó gba ìdí." A kọ́ ilé tí a wà yìí, wọ́n yí i ká tinú tòde, wọ́n ní, "Òrùlé wà níbẹ̀." Ọjọ́ ìgbéyàwó wa, wọ́n wò mí títí, mo ń retí ọ̀rọ̀ dídùn, wọ́n ní, "Ó lápá." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú kúrò níbẹ̀.

Wọ́n máa ń ṣàlàyé pé ojú omi ni àwọn ti kọ́ ọ. Ariwo omi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé etí ẹni tó wà níwájú ọkọ̀, nítorí náà àtẹ́lẹwọ́ ni atukọ̀ fi ń sọ̀rọ̀ lára pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Tó bá gbá a lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró, ewu wà níbẹ̀. Tó bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ máa lọ. Kò sí ìyìn mìíràn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí odò. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa, ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bí òun bá ti ṣe ohun kan tó dáa, tí kò sẹ́ni tó rí i, òun á dùbúlẹ̀, òun á gbá pákó bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì fún ara òun. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo wọlé lọ, mo sunkún díẹ̀.

Ní ọjọ́ kan tí odò fà, àwọn apẹja rí ìlàjì ọkọ̀ adagẹdú kan nínú ẹrẹ̀. Obìnrin tó ń bójú tó ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí nílùú, Màdáàmù là ń pè é, wá sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi. Ó ní òun fẹ́ kó kan òmíràn tó jọ ọ́, tó ṣeé wà lójú omi, kí àwọn ọmọ lè rí ohun tí àwọn bàbá bàbá wọn fi ṣiṣẹ́. Màdáàmù ò tíì panu dé tí ọkọ mi fi gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò lè jẹun. Ó ń yí síbí lọ́wọ́.

"Mo fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n tún jókòó sí ìdí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọlọ́jọ́ tó dé," ó ní. "Kí èmi náà jókòó síwájú, níbi tí wọn ò jẹ́ kí n jókòó sí rí. Tí wọ́n bá lè gbá pákó yẹn lẹ́ẹ̀mejì fún mi, mo ti jogún."

"Lẹ́ẹ̀mejì péré?" mo bi í.

"Péré kẹ̀? Ìwọ náà mọ̀ wọ́n."

Mo mọ̀ wọ́n. Mo sì mọ ohun tí dókítà sọ, pé ọkàn wọn náà ti ń rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ náà ṣe di ohun tí gbogbo ilé ń sáré fún.

Ẹ ò bá rí ṣọ́ọ̀bù wa nígbà náà. Ìlàjì ọkọ̀ àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dúdú, ó ń rùn bí ẹrẹ̀. Ọkọ mi á fi téépù wọn egungun ìhà rẹ̀, á wọn bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe tú síta, á wá lọ gé tirẹ̀. Èmi ni mò ń se omi gbígbóná. Ọkọ mi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á fi àpò ìdọ̀họ tí wọ́n rẹ sínú omi náà wé pákó títí á fi rọ̀, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìhà ọkọ̀ kó tó tutù. Mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, á wá bá wọn tì í, ẹnu rẹ̀ kò sì ní sinmi. "Ọ̀gá Dípinpin, ṣé kọ́bọ́ọ̀dù tó ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ fẹ́ kàn ni?"

Ohun kan wà lára ọkọ̀ àtijọ́ yẹn tí ọkọ mi ò fara mọ́. Àlàfo wà láàárín àwọn pákó rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ó na ìka sí i, ó ṣe ṣíọ̀. "Ó ti jẹrà ni. Kò sí ẹni tó mọṣẹ́ tó máa fi irú èyí sílẹ̀." Ó wá kan tirẹ̀ bó ṣe ń kan gbogbo nǹkan. Ó fá ẹnu pákó, ó fi sáńpépà họ ọ́, ó fi ko ara wọn, bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín kọjá, á tú u, á tún un fá.

Kí n sọ òótọ́, ọkọ̀ yẹn ló jí Ẹ̀gbọ́n sáyé. Ẹni tí mò ń bẹ̀ kó tó lajú wo oúnjẹ, òun ló wá ń nawọ́ sí ilẹ̀kùn láàárọ̀ pé kí n gbé òun lọ. Màá fi àga onítáyà tì wọ́n dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù, wọn á jókòó sínú oòrùn, wọn á gbé agolo ìṣó lé itan, wọn á máa fi ọwọ́ òsì na ìṣó kọ̀ọ̀kan sí àbúrò wọn. Tí orí ọkọ̀ bá ga jù, wọn á rẹ ọwọ́ sílẹ̀. Tó bá kéré, wọn á gbé e sókè. Ara wọn ń dán. Mo rí i tí ọkọ mi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní ìyẹ̀fun pákó ni. Mo ní mo gbọ́.

Ní ọjọ́ tí pákó tó gbẹ̀yìn wọlé, mo ti àga Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ ọkọ̀ náà. Mẹkáníìkì ń fi òòlù lu irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ibẹ̀ ń dún gbàn-ùn gbàn-ùn. Wọ́n fọwọ́ òsì ra ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà jẹ́ẹ́. Wọ́n fi èékánná àtàǹpàkò wá ojú ibi tí pákó méjì ti pàdé, wọ́n tì í, kò wọlé. Wọ́n bọ́ sí òmíràn, kò wọlé. Wọ́n wo ojú àbúrò wọn, omijé sì bọ́ sílẹ̀. Wọ́n wá gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, wọ́n gbá pákó náà lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ náà sì bọ́ sórí itan wọn.

"Wọ́n gbá a!" Ọkọ mi fò sókè. "Ìwọ náà rí i! Wọ́n ń wá àlàfo, wọn ò rí! Wọ́n gbá a!"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni," mo ní.

"Ọwọ́ ló rẹ̀ wọ́n kí ìkejì tó jáde. Ṣé ìwọ ò mọ̀ pé ara wọn ò yá ni?" Ó dì mọ́ Ẹ̀gbọ́n, ó di orí wọn mú mọ́ àyà. Ó sọ fún Mẹkáníìkì, ó sọ fún aláṣọ tó ń kọjá lọ, ó sọ fún ẹni tó wá béèrè ọ̀nà. Nígbà tó ń wẹ̀ lójọ́ yẹn, ó ń kọrin, ohùn rẹ̀ burú débi pé adìyẹ sá kúrò lẹ́yìnkùlé. Inú mi dùn sí i. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni kò jẹun. Wọ́n kọjú sí ògiri, mo sì rò pé ayọ̀ ló kún inú wọn.

Lẹ́yìn náà ni òjò wá dé. Ó rọ̀, ó tún rọ̀, ó kọ̀ kò dá. Mo gbé oúnjẹ Ẹ̀gbọ́n àti ife tíì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo sì bá ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó ti há. Mo tì í, kò mira. Mo bú u, mo bú ẹni tó kàn án. Mo wá fi ìdí gbá a tagbáratagbára, ó ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, èmi àti tíì àti oúnjẹ sì jọ wọlé gbìì sí iwájú Ẹ̀gbọ́n tó jókòó sídìí tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi, tó mi èjìká wọn. Mi ò gbọ́ ọ láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Èmi náà jókòó sílẹ̀ nínú tíì, mò ń rẹ́rìn-ín. Àfi bí ẹ̀rín wọn ṣe dáwọ́ dúró. Wọ́n tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n na ọwọ́ sí etí rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí òjò níta. Wọ́n wá fi èékánná wá ojú pákó tábìlì. Tábìlì ìyá mi ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ mi, àlàfo wà láàárín pákó rẹ̀ dáadáa. Èékánná wọn wọlé. Wọ́n wò mí, wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tún na ọwọ́ sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ dúró. Ewu wà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ṣé pákó ọkọ̀ yẹn máa wú bí ilẹ̀kùn yìí ni?"

Wọ́n di ojú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀.

"Tó bá dénú omi, tí kò sí àyè tó máa wú sí, á ti ara rẹ̀ já kúrò lójú ìṣó? Ṣé àyè èékánná ló yẹ kó wà níbẹ̀, kí omi fúnra rẹ̀ wá dí i?"

Wọ́n mú ọwọ́ mi, tíì ṣì ń kán lára rẹ̀, wọ́n gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Àbí ẹ rí i báyìí, gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi kọjú sí ògiri, ohun tí wọ́n gbé sínú nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n.

Ní báyìí, ta ni yóò sọ fún ọkọ mi? Ọ̀rọ̀ pákó kọ́ ló ṣòro. Káfíńtà ni, pákó yé e. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti dáyé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìn ín, èmi ni mo sì fẹ́ lọ gba ẹ̀ẹ̀kan yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé kí n dákẹ́. Lóòótọ́, mo rò ó. Mo ní bóyá kí n sọ pé Mẹkáníìkì ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ yẹn bá fọ́ lójú omi, tí Ẹ̀gbọ́n sì wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Mo fọ abọ́ tó mọ́ tẹ́lẹ̀, mo tún un fọ̀, títí ọkọ mi fi wọlé.

Ó gbọ́ ọ dé ìdajì, ó gbaná jẹ. "Ìwọ tí o ò mọ ayùn yàtọ̀ sí ọ̀bẹ búrẹ́dì, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

"Èmi kọ́. Ẹ̀gbọ́n ni."

"Ẹ̀gbọ́n tó gbá a fún mi?"

Mo kàn na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Ó lọ síbẹ̀, ó pa á dé. Ó fà á, kò ṣí. Ó fi èjìká tì í, ó ṣí, ó fọwọ́ ra etí rẹ̀ níbi tó ti wú. Òjò ń ta sí i lára.

"Nígbà náà, kì í ṣe pé wọ́n yìn mí," ó ní.

"Rárá o, ọkọ mi. Wọ́n ní kí o dúró."

Ó jókòó sójú ọ̀nà, nínú omi, pẹ̀lú àgbà ara rẹ̀. Èmi náà lọ jókòó tì í. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tó kún fún ọgbẹ́ ìṣó. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yẹn, kí n má purọ́, mo sì fẹ́ bá a sunkún. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó wọ yàrá Ẹ̀gbọ́n lọ. Mo yọjú wò wọ́n. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e lé tirẹ̀ lórí, ó ń wo bí èékánná náà ṣe nípọn tó.

"Ṣé báyìí ni, Ẹ̀gbọ́n?" ó ń bi wọ́n. "Ṣé kò pọ̀ jù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò gbọ́ yín."

Wọ́n fi ọwọ́ tó yè fún un ní ìgbátí fẹ́ẹ́rẹ́ kan. Mo yí padà, mo fi wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohun tó ti lẹ̀. Ẹ ò mọ bó ṣe ń dun ẹni tí wọ́n ń pè ní Dípinpin láti máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àlàfo sí iṣẹ́ tó ti dí. Bó ṣe ń fá ẹnu pákó kọ̀ọ̀kan, ó ń mí kanlẹ̀. Ó fi ẹ̀ẹ́rún igi ṣe òṣùwọ̀n tó nípọn tó èékánná Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò gba òṣùwọ̀n gbọ́. Mo ń ti àga wọn lọ káàkiri ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, wọ́n sì ń fi èékánná wọn gan-an wò ó. Tó bá wọlé, a tẹ̀ síwájú. Tí kò bá wọlé, a dúró. Ọkọ mi fi òwú sínú àlàfo náà, kò kì í le, ó wá fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Mẹkáníìkì ní kí á máa pe ọkọ mi ní Ọ̀gá Àlàfo. Ọkọ mi ò bínú. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ohun tó fi dá a lóhùn nìyẹn. Nígbà tí ó tún fẹ́ gbé irin tó fi ń fá pákó pamọ́, ó gba ilé ìdáná mi kọjá, ó sì fá etí ilẹ̀kùn yẹn láìsọ nǹkan kan. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù.

Ọjọ́ tí a gbé ọkọ̀ lọ sódò, gbogbo ìlú ló wá wò ó. Kò tíì pẹ́ tó kan omi tí omi fi ń gba gbogbo ojú pákó wọlé bí ìgbà tí ènìyàn da omi sínú apẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn pariwo. Màdáàmù fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ̀ náà rì jẹ́ẹ́jẹ́ títí ó fi ku etí rẹ̀ nìkan lójú omi. Ọkọ mi so okùn rẹ̀ mọ́ òpó, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó mumi yó ná." Ẹnì kan ní lẹ́yìn rẹ̀ pé Ọ̀gá Dípinpin ti darúgbó. Mo wo onítọ̀hún látòkè délẹ̀, ó sì wá ibòmíràn gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ilé, ọkọ mi ò sùn. Ó ń bi mí pé bó bá rì tí kò gbéra mọ́ ńkọ́? Mo ní tó bá rì, yóò kan òmíràn.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan tí ọkọ̀ fi wà nínú omi ni èémí Ẹ̀gbọ́n wá ń há. Dókítà ní kí á má gbé wọn jáde, ọkàn wọn ò lè gba ìmira. Ọkọ mi gbọ́, ó jókòó, ó ní ó parí, kò ní ṣeé ṣe. Èmi ni mo wọlé lọ bi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, dókítà ní kí ẹ jókòó sílé. Kí lẹ̀yin fúnra yín wí?" Wọ́n na ọwọ́ sí ìṣó tí fìlà wọn kọ́ sí, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n dé e. Ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bá wọn tún un ṣe.

Nígbà tí a dé odò, Mẹkáníìkì àti ọkọ mi ti ń fi garawa gbọ́n omi inú ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́n ọn ni ọkọ̀ ń gbéra sókè. Wọ́n gbọ́n ọn tán, wọ́n nu inú rẹ̀, wọ́n dúró. A dúró tì í títí, a ń wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi kankan ò wọlé. Gbogbo àlàfo yẹn ti pa ẹnu dé.

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe máa ń pọn òun nígbà tó wà lọ́mọdé, ó gbé wọn lọ sí ìdí ọkọ̀. A kó tìmùtìmù tì wọ́n. Èmi tí mi ò lè lúwẹ̀ẹ́, tí mo ti búra pé mi ò ní wọ ọkọ̀ láyé, èmi ni mo jókòó sáàárín, mo di orúnkún Ẹ̀gbọ́n mú, mo sọ pé kí wọ́n má baà ṣubú ni. Ọkọ mi lọ síwájú. Ó kẹ́yìn sí wa, ó mú àjẹ̀. Mẹkáníìkì tú okùn.

Odò dákẹ́. A kúrò ní bèbè díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè, wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ọ̀tún àti òsì bí ẹni tó padà dé ilé tó sì ń wò ó bóyá gbogbo nǹkan wà níbi tó fi í sí. Wọ́n wá fi èékánná wá ojú pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n tì í. Kò wọlé. Wọ́n bọ́ sí òmíràn. Kò wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò sunkún. Wọ́n wo ẹ̀yìn àbúrò wọn tó wà níwájú, ẹ̀yìn tó ti tẹ̀ díẹ̀, irun tó ti funfun, wọ́n sì wò ó pẹ́.

Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè. Wọ́n gbá pákó náà lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ mi dúró gbagidi, àjẹ̀ rẹ̀ wà lókè. Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ń gbọ̀n. Mo fẹ́ bá wọn gbé e, mo kó ara mi ní ìjánu. Wọ́n tún gbé e sókè fúnra wọn, wọ́n sì gbá a lẹ́ẹ̀kejì.

Ọkọ mi ò yíjú padà. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Kò rántí àjẹ̀ mọ́, kò rántí wa mọ́, ó ń sunkún bí ọmọdé, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀gbẹ́ lọ sí ibi tó wù ú. Ẹ̀gbọ́n dúró dè é díẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n gbé ojú sókè sí ọ̀run bí ẹni ń sọ pé ẹ wo àbúrò mi. Wọ́n tún gbá pákó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ọkọ mi," mo ní, "wọ́n ní kí o máa lọ."

Ó fi apá nu ojú, ó ki àjẹ̀ bọ omi, a sì ń lọ.